Ẹ Má Gba Fóònù Lọ́wọ́ Wọn

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nílẹ̀ ní Ọ̀rà báyìí, kò sì yẹ kí a máa wò ó níran. Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, àgbà kan nínú ẹgbẹ́ dìde dúró, ó ní àbá kan wà lọ́kàn òun. Ó ní kí ẹgbẹ́ fi òfin de àwọn ọ̀dọ́: ọmọ tí kò bá tíì pé 20 ọdún kò gbọdọ̀ ní fóònù lọ́wọ́ mọ́, èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí òbí gbà á, kí ó tì í mọ́nú àpótí. Ó ní fóònù ti bà wọ́n jẹ́, pé wọn kò gbọ́ tẹni mọ́, pé bí a bá rán wọn níṣẹ́ wọn kì í dáhùn, pé ojú wọn kì í kúrò lára gíláàsì. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn ń mi orí. Wọ́n sún ìpinnu sí ìpàdé tí ó ń bọ̀.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀. A dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ jù wá lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu àgbà sì ni obì ti ń gbó. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ náà kò jẹ́ kí a sùn. Ohun tí ó ká wa lára jù ni èyí tí a fi ojú ara wa rí lẹ́yìn ìpàdé. Bí ìpàdé ti tú, ẹni tí ó dá àbá náà fa ọmọdékùnrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó na fóònù tirẹ̀ sí i, ó ní kí ó bá òun wò ó bóyá owó tí ọmọ òun fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn ti wọlé. Ọmọ náà wò ó, ó ka iye rẹ̀ fún un, ó tún bá a pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tí ó ti kún inú fóònù náà rẹ́. Baba súre fún un. Ọmọ ọdún 16 ni.

Ẹ̀yin ará, ṣé ọmọ yìí ni a fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà tí a bá ti ti tirẹ̀ mọ́nú àpótí, ta ni yóò máa bá baba wo tiwọn?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé fóònù kò ní aburú nínú; a ó dé ibẹ̀, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò gba fóònù bí ó ti wá láti ìlú òkèèrè. Wọ́n gé e, wọ́n rán an, wọ́n fi ṣe ẹ̀wù tí ó bá ara Ọ̀rà mu. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Àwa àgbà ń wọ ẹ̀wù náà lójoojúmọ́, a sì ń bú ẹni tí ó rán an.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ìlú Ìgbómìnà ni Ọ̀rà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dáyọ̀, ní apá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó lọ kan ààlà Èkìtì àti Kwara. Ìlú tí ó bá wà létí ààlà báyìí, ohun amáyédẹrùn kì í tètè dé ibẹ̀. Láti àárín ni ìjọba ti ń bù ú, kí ó tó kan etí, ìkòkò ti gbẹ. Kí ọdún 2001 tó dé, ilé-iṣẹ́ NITEL ni ó ń mójútó tẹlifóònù, gbogbo ìlà tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà kò pé 500,000, fún èèyàn tí ó lé ní 100 mílíọ̀nù. Èló nínú rẹ̀ ni ó lè kan àwa? Bí èèyàn bá kú nílé, tí àkọ́bí rẹ̀ wà ní Èkó, ẹnìkan ni yóò wọkọ̀ lọ sọ fún un. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, òkú ti wọ ilẹ̀ kí ọmọ tó gbọ́, nítorí pé àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí ni kò rí ojú òbí wa kẹ́yìn nítorí èyí. Àwa mọ ìyá kan tí ó máa ń lọ dúró sí ibùdókọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tí ó ń bi àwọn awakọ̀ léèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn rí ọmọ òun. Ṣé ayé yẹn ni wọ́n ń sọ pé ó dára ju èyí lọ?

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n ta ìwé àṣẹ GSM ní 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má gbàgbé iye tí wọ́n ń ta síìmù nígbà náà: 20,000 náírà, ó tún ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 7,500 náírà. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà. Bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, odindi ìṣẹ́jú ni wọn yóò yọ. Ọdún 2003, ní oṣù kẹjọ, ni Globacom dé, tí ó ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ènìyàn bá lò nìkan ni òun yóò gba owó rẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 19, àwọn oníbàárà káàkiri orílẹ̀-èdè pa fóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ọ̀wọ́n owó ìpè.

Nínú ọ̀wọ́n yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Wọ́n rí i pé bí fóònù bá dún lọ́dọ̀ ẹni tí a pè, tí a sì pa á kí ó tó gbé e, owó kankan kò lọ, síbẹ̀ orúkọ ẹni tí ó pè ti hàn. Fíláàṣì ni wọ́n pè é. Ẹ̀ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí pé mo ti délé. Ẹ̀ẹ̀mejì, pè mí, n kò ní owó lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta, jáde síta, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni méjì ni yóò ti jọ ṣe àdéhùn ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ì báà gbọ́ ọ, kò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn àgbà ní ahun ni wọ́n. Wọ́n ní ọmọ tí kò lè fi owó pe ìyá rẹ̀, kí ni ó fẹ́ fi ayé ṣe?

Áà! Kí wá ni àwọn baba wa ń ṣe nígbà tí wọ́n ń pa àrokò ránṣẹ́? Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn, ẹ̀fà ni, ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí ohùn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dé ibi tí ó ń lọ. Fíláàṣì àti àrokò, ọmọ ìyá kan náà ni. Àwọn ọmọ wa tún un dá láìmọ̀ pé ilé ni ó ti wá, àwa tí ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ni a ń pè wọ́n ní ahun.

Ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ni ti ohùn.

Nígbà tí fóònù olójú gíláàsì dé, tí WhatsApp wọlé, títẹ̀ ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Yorùbá tí wọ́n ń tẹ̀ kò ní àmì lórí, kò ní nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan a tẹ "oko" sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó bá òun mú un bọ̀: ṣé ọkọ́ ni, ṣé ọkọ̀ ni, àbí òkò ni wọ́n fẹ́ sọ fún ara wọn? Àwọn olùkọ́ èdè bínú, wọ́n ní àwọn ọmọ ti ba Yorùbá jẹ́. Ó dára. Àwa náà ní ìbéèrè tiwa. Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò yìí, pátákó mélòó ni ó ní àmì ní Ọ̀rà, ní Òkè-Ìlá, ní Ìlá fúnra rẹ̀? Ẹ wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa, ẹ wo ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ wo ìwé ìpè ìgbéyàwó tí àwa fúnra wa sanwó fún kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Òkè kò ní, ìsàlẹ̀ kò ní. Ẹni tí ó ṣe fóònù ní òkèèrè kò fi ẹ àti ọ àti ṣ sí ibi tí ìka ọmọ yóò ti tètè kàn wọ́n. Àwa tí kálàmù wà lọ́wọ́ wa, tí ẹnikẹ́ni kò dí wa lọ́wọ́, kí ni a rí wí?

Kí wá ni àwọn ọmọ ṣe? Ní 2013 ni WhatsApp fi ọ̀nà gbígba ohùn sílẹ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀, voice note ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ wa gbá a mú bí ẹni pé nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe ṣe é. Òótọ́ ni wọ́n rí: èdè tí ó jẹ́ pé ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ohùn ni ó yẹ kí a fi rán an. Ohun tí ìka kò lè tẹ̀, ẹnu sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni ìyá tí kò mọ̀wé wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Láyé lẹ́tà, ẹni tí ó bá kọ̀wé sí ìyá arúgbó ní Ọ̀rà, aládùúgbò ni yóò bá a kà á, aládùúgbò náà ni yóò bá a fèsì, gbogbo àṣírí ilé rẹ̀ a sì wà lẹ́nu aládùúgbò kí oòrùn tó wọ̀. Ní báyìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ní: "Ìyá, ẹ fi ìka tẹ ibi yìí, ẹ má tíì gbé e o, ẹ máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá parí, kí ẹ gbé ìka." Ó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò rẹ̀ ẹ́. Ìyá mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń gbàdúrà fún èyí tí ó wà ní Èkó láàárọ̀, ó ń bá èyí tí ó wà ní London jà ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé kò tíì fẹ́yàwó.

Èdè wo ni ó fi ń bá wọn jà? Ìgbómìnà ni. Ẹ fi ọkàn sí èyí, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tí akọ̀wé máa ń bá ìyá kọ láyé àtijọ́, Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ ni. Rédíò tí a ń gbọ́, Yorùbá àjùmọ̀lò ni. Ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí náà, òun ni. Ohùn Ìgbómìnà kò rí ojú ewé gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ọ̀nà láti kúrò nílé. Ẹni tí ó bá ti kó lọ sí Èkó, ọmọ rẹ̀ kò ní gbọ́ ọ mọ́ àyàfi bí wọ́n bá wálé ọdún. Voice note ni ó gbé e jáde. Ọmọ Ọ̀rà tí a bí sí òkè òkun, tí kò mọ ọ̀nà oko baba rẹ̀, ń gbọ́ ohùn ìyá-ìyá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dún ní ìdí ààrò. Àwa gbọ́ ti ọmọbìnrin kan nínú ẹbí wa: ó gbọ́ bí ìyá ti kí i, ó fi ohùn ara rẹ̀ tún un sọ, ó fi ránṣẹ́ padà. Ìyá rẹ́rìn-ín títí, ó sì tún un ṣe fún un. Ó tún sọ ọ́, ìyá tún un ṣe. Ó tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti wà lórí rẹ̀. Ìyá ní ahọ́n rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò.

A ti ń pariwo ọjọ́ pẹ́ pé ẹ̀ka-èdè wa ń kú. A ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, ó jẹun, ó tú ká. Àwọn ọmọ tí a fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ wọn yìí kò dá ìgbìmọ̀ kankan sílẹ̀.

Ẹ tún rántí oṣù kejì ọdún 2023. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tí ó di February, ọlọ́jà kò gba èyí àtijọ́ mọ́, èyí titun kò sí níbì kankan. Ẹni tí ó ní 100,000 ní báńkì kò rí 500 fi ra gààrí. Ó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ta ni ó gbé ọjà ró? Àwọn ọmọ ni. Àwọn kan jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ POS, àwọn kan dúró ti ìyá wọn nídìí ọjà, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ti ń gba owó tíráńsífà. Àlàátì irọ́ wà nígbà náà, ó ṣì wà: gbájú-ẹ̀ kan a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú han alátà, a gbé ọjà lọ. Àwọn ọmọ ni ó sọ fún àwọn ìyá wọn pé kí wọ́n má gba àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́, kí wọ́n wo iye tí ó wà nínú àpò báńkì fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó di ọjà. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ilé-ìwé.

Ti NIN náà ńkọ́? Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí olúkúlùkù so nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ síìmù rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò dí ìlà náà. Àgbẹ̀ tí ó wà lóko kò mọ èwo ni ó jẹ́ èwo. Ọmọ rẹ̀ ni ó bá a tẹ̀ ẹ́.

Èyí tí ó tilẹ̀ yà wá lẹ́nu ni pé àwọn tí ó dá àbá yìí kò rántí JAMB. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ tó lè forúkọ sílẹ̀ pàápàá, láti orí síìmù ara rẹ̀ ni yóò ti fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 kí wọ́n tó fún un ní nọ́mbà tí yóò lò. Orí síìmù náà ni àwọn ìròyìn ìdánwò rẹ̀ yóò máa bọ̀ sí. Ọmọ ọdún 16 ń ṣe ìdánwò yìí. Bí a bá ní kò gbọdọ̀ ní fóònù títí yóò fi pé 20, kí ni a ń sọ fún un nípa yunifásítì? Ẹ dá wa lóhùn.

Ní 2013, nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà: gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò ọdún tí ó ti kọjá sínú rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ń bú gíláàsì lónìí pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní wàláà ayé òde òní ti dé. Ṣé nítorí pé ìjọba ni ó fi fún wọn nígbà náà ni ó fi jẹ́ wàláà, tí èyí tí ọmọ fi owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rà fi di ohun ìbàjẹ́? Ní ilé-kéwú wa, ọmọ kan ṣoṣo ni yóò ra dátà, yóò gba ohùn onímọ̀ kan tí ó ń ka Kùránì sínú fóònù rẹ̀, yóò sì fi Xender tan án fún àwọn 20 yòókù láìná kọ́bọ̀ lé e. Nígbà tí àwa wà léwe, kásẹ́ẹ̀tì wáàsí kan ni a ń yá lọ́wọ́ ara wa títí okùn rẹ̀ yóò fi já.

Ó wá ku aburú tí a ní a ó dé.

Ọmọ Yahoo wà, a kò ní purọ́. Òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti wà láti 2015, EFCC sì ń mú wọn. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà, ó ń jẹ owó iléèwé ọmọ, ó ń jẹ owó oko bàbá. Ọmọ tí ó ń tẹ fóònù nígbà tí àgbà ń bá a sọ̀rọ̀, aláìníwà ni, kí bàbá rẹ̀ bá a wí. (Bí a bá sì ń sọ ti mọ́ṣáláṣí, fóònù tí ó máa ń dún lójú ìrun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ọ̀pọ̀ ìgbà, ti àgbà ni. Àwọn ọmọ mọ bí wọ́n ti ń pa ohùn rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ọmọ tí kò níṣẹ́ tí a mọ̀, tí ó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wọ ìlú, ta ni ó kọ́kọ́ ń dìde fún un? Nígbà tí a bá ń gba owó ilé Ọlọ́run jọ, ta ni a ń pè síwájú, tí a ń pè ní Àlàájì nígbà tí kò tíì rí Mẹ́kà lójú àlá? Ta ni ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni owó yìí ti wá? Ọmọ mìíràn tí ó ń fi fóònù rẹ̀ tún fóònù ẹlòmíràn ṣe, tí ó ń wo ọ̀nà rẹ̀ lórí YouTube, tí ó ń rí 2,000 lójúmọ́, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wò wá. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn yìí, wọn kò rí i nínú fóònù.

Ti owó èlé orí fóònù tún burú ju èyí lọ, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé. Ilé-iṣẹ́ kan a ní òun yóò yá ọ ní owó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. A ní kí o jẹ́ kí òun wo gbogbo orúkọ tí ó wà nínú fóònù rẹ. Bí ọjọ́ bá pé tí o kò san án pẹ̀lú èlé rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ, sí ọ̀gá rẹ, sí lèmọ́mù rẹ, pé olè ni ọ́. Ìyà yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba tí ó ń dáàbò bo oníbàárà, fi lọ ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí ó sì gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Nínú àwọn tí àwa mọ̀ tí wọ́n kó sínú èyí, àgbà ni ó pọ̀ jù. Ọmọ wọn ni ó sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fóònù. A ń wàásù lórí èlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí a fi èyí kún un.

Bí ẹgbẹ́ bá ń wá ìjà, ìjà wà, kì í ṣe pẹ̀lú ọmọ ọdún 16. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó ìpè àti dátà. Ẹgbẹ́ wa kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí àwọn oníjẹnẹrétọ̀ ń gbà láti ṣájì fóònù kan ti gòkè. Ẹgbẹ́ wa kò sọ nǹkan kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a wà láàárọ̀, a lọ ní ọ̀sán. Ọ̀nà oko tiwa, abẹ́ igi kan ṣoṣo ni ó ti ń mú dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń to ara wọn jọ bí ẹni tó wá pọnmi. Àwọn ọmọ ni ó wá igi náà rí. Àwọn ni ó fi owó jọ ra páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré tí mẹ́fà nínú wọn fi ń ṣájì, tí wọ́n ń bá àwọn ìyá wọn ṣájì tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ni wọ́n ń jí ní òru lo dátà nítorí pé òru ni ó dínwó, a sì ń sọ pé wọn kì í sùn.

Lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, tí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí, tí a gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ tí ó ni òpó, pé ìlú kan ń bẹ létí ààlà tí ohùn rẹ̀ ń já: èyí ni a rò pé ó yẹ kí ìpàdé fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n sì pe àwọn ọmọ náà wá síbẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣòfin lé wọn lórí, a wo gbogbo yàrá náà, a kò rí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n fún láyè ọ̀rọ̀. Èyí tí ó wà níbẹ̀ ń pín omi.

Àwa yóò wà ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, a kò sì ní dákẹ́ mọ́. Bí àbá náà bá tún jáde, ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè ni pé kí gbogbo ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn gbé fóònù tirẹ̀ sórí tábìlì, kí ó fi han ìpàdé bí ó ti ń wo iye owó tí ó wà ní báńkì rẹ̀, láìpe ọmọ kankan.